Èrò Ọkọ̀ Tí Kò Ní í Dé

Àṣà tuntun kan ti gbòde ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó, tí kò tíì lọ ya fọ́tò ní ibùdókọ̀ rélùwéè tó ti dahoro, ìgbéyàwó rẹ̀ kù síbì kan lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa ọmọ Ajílété, tí a máa ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan, ni a ń fi ebi gbéra ní ìdájí báyìí, nítorí pé oòrùn àárọ̀ ló ń mú kí irin tó ti dípẹtà dà bíi wúrà nínú fọ́tò.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé irin náà kò fìgbà kan gba ìlú wa kọjá. Nígbà tí àwọn òyìnbó, tó ti là á láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tún ń nà án lọ sókè, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkirun àti Ọ̀fà ni wọ́n gbà dé Ìlọrin. Wọ́n yẹ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, wọ́n yẹ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa oníṣòwò tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì àti Kánò ní láti kọ́kọ́ ru ẹrù dé ìlú onílùú kí wọ́n tó gbọ́ fàkàfìkì. Síbẹ̀, ọmọ àbúrò mi, tó mú mi lọ síbi tirẹ̀ lẹ́bàá Òṣogbo, kò múra bí oníṣòwò. Ó wọ ṣòkòtò kakí péńpé, ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó, ó sì ki ìkòkò tábà tí kò ní tábà nínú bọ ẹnu, bí ẹni pé ajẹ́lẹ̀ ni baba àgbà rẹ̀. Baba àgbà yẹn náà ló bí mi. Inú igbó ló máa ń sá sí bí àwọn agbowó-orí bá dé.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó lórí àpótí páànù òfìfo, ó ń wo ọ̀kánkán ibi tí ọkọ̀ ì bá ti yọ, ewúrẹ́ mẹ́ta sì sùn sí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láyé àná. Ayafọ́tò ní kí ó sunkún, ṣùgbọ́n kó má pọ̀, nítorí àtíkè. Màmá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀pà wò wọ́n títí, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìdúró o. Ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ ń bọ̀?”

“Fọ́tò la wá yà, mà.”

Màmá mi orí, ó ní ṣé a ò wá ní ra ẹ̀pà tí a ó máa jẹ títí ọkọ̀ yóò fi dé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, bọ́ọ̀sì tí a háyà kọṣẹ́ kí a tó dé Ìlobùú. A jókòó sẹ́bàá títì, ìyàwó lórí àpótí, ajẹ́lẹ̀ lórí òkúta, a sì ń wọ̀nà fún ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Omi gidi ló ń bọ́ lójú ọmọ náà wàyí, àtíkè sì ń bá a lọ. Ayafọ́tò kò tilẹ̀ ṣí àpò ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kò dára.