Kì í Ṣe Òkúta Ló Wà Láyà Dókítà Tó Ń La Orí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ níbi òkú, mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò Iléṣà, mo ti gbọ́ ọ nídìí ìsọ̀ ẹran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún gbọ́ ọ ní Lágere, nílé-Ifẹ̀ níbí, níbi tí mo ti lọ dirun. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ nípa ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà. Ó ní: “Àwọn dókítà tó ń la orí èèyàn yẹn, àánú ti kúrò lójú wọn pátápátá. Tí kì í bá ṣe òkúta ló wà láyà èèyàn, ṣé á gbé ẹ̀rọ lé orí ọmọ ọlọ́mọ, á máa lu ú bíi káfíńtà?” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní òótọ́ ni. Onídìrí náà ní òótọ́ ni.

Mi ò dá a lóhùn níbẹ̀, torí ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, a kì í sì í bá ẹni tí ọ̀ràn ń dùn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi, n óò sì sọ ọ́ síbí.

Ọdún 19 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ. Èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo mọ bí ọwọ́ wọn ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ń gbà á, mo sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tán. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ibi tó ti ń wá, àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ: wọ́n rí dókítà tó jáde láti tíátà, ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó ní ọmọ ti kú, ó sì padà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀rọ. Ọlọ́run fi ọpọlọ pa mọ́ sínú egungun, kò sì sí ilẹ̀kùn lára egungun náà. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ lu ihò. Ẹ̀rọ òde òní máa ń dá dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti la egungun já. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ọwọ́ dókítà ni yóò mọ̀ pé egungun ti fẹ́ tán. Lábẹ́ rẹ̀ ni awọ kan tó nípọn wà, lábẹ́ awọ yẹn ni ọpọlọ wà, tó ń mí sókè mí sílẹ̀ bí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun. Ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi kílò 1.4 lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹnu mi ò lè pa dé nínú ìbomú. Ohun gbogbo tí ẹni yẹn mọ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, orin tó máa ń kọ ní ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ló wà, kò ju ìka méjì lọ sí ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ẹ wá sọ fún mi bí ẹni tó mọ ìyẹn ṣe lè lu ú bíi káfíńtà.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń fá orí aláìsàn wọn. Kò pọn dandan kí wọ́n ṣe é, àwọn ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fá a tán, wọ́n á kó irun náà jọ sínú bébà funfun, wọ́n á ká a, wọ́n á ní kí n lọ fi lé ẹbí lọ́wọ́. Wọ́n mọ ilẹ̀ tí wọ́n wà. Ní Ifẹ̀ níbí, irun orí èèyàn kì í ṣe pàǹtí tí a ń dà nù. Màmá kan tó wá láti Ìlódè dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní fọwọ́ kan ìpín ọmọ mi?” Ọ̀gá ti de fìlà tíátà, síbẹ̀ wọ́n jáde sí i. Wọ́n ní, “Màmá, orí òde nìkan ni mo fẹ́ ṣí. Ti inú, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.” Màmá yẹn jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki orí ọmọ rẹ̀ títí a fi ti ilẹ̀kùn.

Obìnrin Lágere yẹn tún sọ ohun kan tí mo ti gbọ́ láìmọye ìgbà: “Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a gbé e débẹ̀. Àwọn ló pa á.” Mi ò mọ bó ṣe rí fún ọmọ tiwọn, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀bátí yín. Ibẹ̀ wà lára ibi tí egungun agbárí ti fẹ́lẹ́ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí èèyàn bá já bọ́ lórí ọ̀kadà tó fi ibẹ̀ gbá ilẹ̀, iṣan náà lè ya. Ẹni náà lè dákú díẹ̀, kó dìde, kó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, kó ní kí wọ́n bu omi fún òun, kó tiẹ̀ máa bá ẹni tó gbá a jà. Gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ láàárín egungun àti awọ tó bo ọpọlọ. Agbárí kì í wú bí ikùn, nítorí náà ọpọlọ ni yóò máa sún. Láàárín wákàtí díẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á bì, oorun á máa kùn ún, ọmọlójú kan á fẹ̀ ju èkejì lọ. Kí wọ́n tó rówó CT scan, àwòrán tó ń fi inú orí hàn, kí ẹnì kan tó lọ wá ẹ̀jẹ̀ dé, ó ti ń lọ. Bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tètè là á kí ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde, ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń jágbe mọ́ ẹbí lóru pé kí wọ́n yá ara. Ẹbí gbà á sí ìwọ̀sí. Ẹ̀rù ló ń ba dókítà.

Inú wọn sì máa ń dùn, ìyẹn náà kì í hàn síta. Wọ́n gbé bàbá àgbà kan wá láti abúlé kòkó, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ogbó ti ń da orí bàbá rú, kò mọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó forí gbá àtẹ́rígbà ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ihò méjì péré ni ọ̀gá lu, ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò sì tú jáde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì bàbá jí, ó béèrè ẹni tó ń bá òun sá kòkó. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọjú sí fèrèsé, mo sì rí i tí wọ́n fi apá aṣọ nu ojú.

Kí ló dé tí wọn kì í sunkún lójú yín? Torí ọwọ́ ń tẹ̀ lé ojú ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ru sókè ní tíátà, gbogbo wa, ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun, èmi, àwọn dókítà kéékèèké, ojú ẹnì kan ṣoṣo la ń wò. Tí ojú yẹn bá dàrú, gbogbo ilé á dàrú. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ nígbà tí orí obìnrin kan wà ní ṣíṣí, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn. Òkùnkùn birimù. Ohùn ọ̀gá nìkan la gbọ́, ó rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: “Ẹ má rìn. Ìka mi wà lórí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ tan fóònù.” Fóònù mẹ́rin la fi tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ títí iná fi dé. Obìnrin yẹn wà láàyè. Lẹ́yìn tí a gbé e jáde, ọ̀gá jókòó sórí àpótí ní yàrá aṣọ, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n débi pé bàtà ń lu ilẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí á ka ìmọ̀ ìṣègùn fún ọdún 6, á ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn ọdún 1, á sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ọdún 1, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orí gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ tí wọ́n bí ní 1927, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó dé sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1962. Akéwì ni wọ́n. Wọ́n ń la orí, wọ́n sì ń kọ ewì, wọ́n sì tẹ ewì wọn jáde. Ẹni ọdún 47 péré ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú ní 1974. Ẹni tí òkúta wà láyà rẹ̀ kì í kọ ewì.

Ọjọ́ tó wúwo jù fún wọn ni ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò ní là á. Ẹbí á ní torí pé owó ò sí ni. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń mọ bí èèyàn ṣe jí sí: 15 ló ga jù, 3 ló kéré jù. Wọ́n gbé ọmọ yunifásítì kan wá láti ojú títì Ìbàdàn, 3 ni, ọmọlójú méjèèjì ti fẹ̀. Ọ̀gá gbé àwòrán orí rẹ̀ sí iwájú iná, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ń wá ibi tí àwọn lè gbà wọlé. Kò sí.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọ ọdún 7 kan. Ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ti ń bì láràárọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, ó ń rìn tàgétàgé bí ẹni mu ẹmu. Wọ́n ti tọ́jú ibà títí, wọ́n ti gbààwẹ̀. Kókó ló wà ní ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi ọpọlọ kékeré tó ń mú kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, ó sì fara ti ìdí ọpọlọ tí èémí ti ń gba àṣẹ. Wákàtí 7 la fi dúró. Kókó náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku èyí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ọpọlọ yẹn. Mo na irinṣẹ́, ọ̀gá ò gbà á. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò tún hù. Tí wọ́n bá mú un, ẹ̀jẹ̀ lè ya níbi tí kò yẹ kó ti ya. Kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Wọ́n nawọ́, mo gbé e lé e, wọ́n mú un.

Ọmọ náà jí. Lọ́jọ́ kejì ó ní àkàrà ìyá òun lòun fẹ́ jẹ. Lóru ọjọ́ kẹta ẹ̀jẹ̀ ya níbẹ̀, a tún sáré gbé e padà sí tíátà, kò yè é.

Ọ̀gá ò dúró sọ ọ́ fún ìyá náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn taṣọ tíátà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ní, “Ìyá, ọwọ́ mi ò ká a.” Wọ́n jókòó tì í títí àwọn ẹbí fi dé. Ìgbà náà la ránṣẹ́ sí wọn pé ẹni tí mọ́tò gbá ti wà lórí tábìlì, ni wọ́n bá dìde. Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí ní, “Ẹ ò rí i? Kò tilẹ̀ sunkún.”

Nígbà tí a parí ti èkejì, ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìdájí. Mo bá ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n tún ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “Sístà, ẹyọ ẹ̀wà kan ni.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn wọn kì í gba iwájú ìyá alákàrà kọjá mọ́. Wọ́n á yà sí àdúgbò ẹ̀yìn, wọ́n á yí po lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀. Awakọ̀ wọn ló sọ fún mi, kò mọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò sì sọ ọ́ fún un.

Mo lọ ra àkàrà lọ́jọ́ kan. Ìyá náà dá mi mọ̀, ó kọ̀, kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Dókítà pé mo mọ mọ́tò wọn. Mo rí i pé wọn kì í gba ibí mọ́. Ẹ ní kí wọ́n máa gba iwájú mi kọjá. Àwọn ló bá mi jókòó sílẹ̀.”

Ìdí ẹ̀rọ omi yẹn ni mo ti jíṣẹ́ náà, bí a ṣe fẹ́ wọlé. Wọ́n dúró, omi ń dà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n béèrè pé, “Ṣé àárọ̀ nìkan ló ń dín in ni, àbí ìrọ̀lẹ́ náà?”

Mo ní méjèèjì ni. Wọ́n da ọṣẹ sọ́wọ́, torí aláìsàn ti sùn lórí tábìlì.