Kíláàsì dáàmù ò sọ bó ṣe lágbára sí
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ìròyìn yìí, ẹ ní àwọn dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ aládàáni tí wọ́n pè ní high hazard (eléwu gan-an) l'Amẹ́ríkà ti fẹ́ẹ́ wó, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ẹ̀ máa ṣàn gbà, ni wọ́n ń wò, tó bá já ṣé ó máa pààyàn àbí igbó lásán ló máa gbá lọ. Òmíì ti ń jò bí ajere, low hazard (eléwu díẹ̀) ni wọ́n á kà á sí torí kò sẹ́ni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Èmi náà ní pọ́ǹdù ẹja l'Ẹ̀pẹ́ níbí, yẹ̀pẹ̀ la fi mọ bèbè ẹ̀, nígbà yẹn kò sílé kankan nísàlẹ̀, ní báyìí wọ́n ti kọ́ mẹ́fà, màmá kan tiẹ̀ ń dín àkàrà níbẹ̀ láràárọ̀. Bèbè kan náà o, àmọ́ kíláàsì ẹ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá mo rí ihò akàn lára ẹ̀, omi tó mọ́ gaara ló kọ́kọ́ ń sun, ìgbà tó pọ́n tó ń kó yẹ̀pẹ̀ jáde ni àyà mi já, títí ilẹ̀ fi mọ́ la fi ń di àpò yanrìn. Màmá alákàrà ò tiẹ̀ mọ̀.