Ẹja bass méjì, ìjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ìwà ni àbí ìwọ̀?

Ọmọ Yàgbà ní Texas: Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kún o. Ẹ bá wa dá ọ̀rọ̀ kan. Mo fi ìwọ̀ mú bass méjì láàárọ̀ yìí, ẹja omi adágún ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ẹlẹ́nu ńlá, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Èkíní fò kúrò nínú omi, ó gbọn orí, ó tún forí lé abẹ́ igi tó wó sómi, apá ṣì ń ro mí. Èkejì, àfi bíi pé láílọ́ọ̀nù ni mò ń wọ́ bọ̀. Ibì kan náà, ìjẹ kan náà, okùn kan náà. Mo ní kálukú ẹja ló ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní irọ́ ni.

Apẹja Kampe: Àbúrò, ọ̀kún. Ìwà wo? Níbo ni ìwọ̀ ti mú wọn? Ẹja tí ìwọ̀ mú lẹ́nu, orí rẹ̀ lò ń fà, ibi tí orí bá kọ sí ni ara ń tẹ̀ lé. Èyí tó bá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara á dábùú omi mọ́ ọ lọ́wọ́, kékeré á máa fà bí ńlá. Mo rí epìyà kan bẹ́ẹ̀ ní dáàmù Òmì, tí gbogbo wa ti dìde dúró nínú ọkọ̀. Nígbà tó yọjú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọmọ Yàgbà ní Texas: Igun ẹnu ni ti méjèèjì, ẹ̀gbọ́n.

Apẹja Kampe: Ó dáa. Èkejì, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ló kọjú sí tẹ́lẹ̀? Ẹja tó ń wẹ̀ bọ̀, tí o sì ń ká okùn kíákíá, lè dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó tó fura.

Tíṣà Kàbà: Ẹ tún wo ara ẹja fúnra rẹ̀. Bí omi bá ṣe tutù sí ni ara ẹja ń tutù sí, ìdí nìyẹn tí bass ìgbà òtútù fi máa ń wọ́lẹ̀. Iṣan funfun tó fi ń ja ìjà òjijì, ṣúgà tó ti wà nínú ẹran ara rẹ̀ nìyẹn ń lò, kì í dúró de ọ́síjìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ṣúgà yẹn fi ń tán, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì ń gbà kó tó padà bọ̀ sípò. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti mú èkejì yẹn láàárọ̀ kùtù, tó sì dá a padà?

Ìyá Ẹlẹ́ja Lọ́kọ́jà: Ẹ dúró ná. Wọ́n mú ẹja, wọ́n dá a padà? Kí ni wọ́n wá fi ń jẹ ẹ̀bà?

Ọmọ Yàgbà ní Texas: Màmá, ẹ má bínú, eré ni wọ́n fi ń ṣe. Òfin sì tún wà: ní ọ̀pọ̀ adágún Texas, bass ẹlẹ́nu ńlá tí kò bá tó ínǹṣì 14, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé.

Ìyá Ẹlẹ́ja Lọ́kọ́jà: Ó tó bẹ́ẹ̀! Ẹ gbọ́ tèmi. Àrọ̀ tí mò ń rà, inú adágún ẹja kan náà ni wọ́n ti ń kó wọn wá, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Bí mo bá tọwọ́ bọ abọ́, ọ̀kan á fò jáde, èkejì ò ní mira títí ọ̀bẹ fi dé orí rẹ̀. Kò síwọ̀, kò sókùn. Kí lẹ máa pe ìyẹn?

Tíṣà Kàbà: Màmá, ká ní epìyà ni, ǹ bá ní ọ́síjìn ló tán nínú omi. Ṣùgbọ́n àrọ̀ máa ń gba afẹ́fẹ́ lókè. Ẹ mú mi níbẹ̀.

Ọmọ Ìjùmú: Ní adágún Ridge Lake ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fi ń sàmì sí bass tí wọ́n bá fi ìwọ̀ mú, tí wọ́n ń dá a padà. Nígbà tí wọ́n fa omi adágún náà gbẹ ní 1980, wọ́n bá ẹja tó lé ní 1,700, nǹkan bí 200 nínú wọn ni ìwọ̀ kò mú rí. Ni David Philipp, onímọ̀ nípa ẹja, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mú àwọn tó máa ń kó sọ́wọ́, wọ́n jẹ́ kí wọ́n bímọ láàárín ara wọn; wọ́n ṣe bákan náà fáwọn tí kì í kó sọ́wọ́. Ìran dé ìran ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ẹ̀yin àgbà.

Apẹja Kampe: Jíjẹ ìwọ̀ lò ń sọ yẹn. Jíjà là ń bi ọ́.

Ọmọ Ìjùmú: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún rí i pé àwọn akọ tó máa ń tètè gbé ìwọ̀ mì yìí le ju àwọn yòókù lọ nídìí ìtẹ́ wọn. Nínú bass, akọ ló ń ṣọ́ ẹyin. Ẹja tó gbóná nídìí ọmọ, ṣé kò ní gbóná lórí ìwọ̀?

Apẹja Kampe: “Ṣé kò ní” kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan wà tí wọ́n gbóná nílé, tí wọn ò lè bú èèyàn lójú títì. Mú ẹja kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, omi gbígbóná àti omi tútù. Tó bá jà bákan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, màá gbà pé ìwà ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja Lọ́kọ́jà: Ẹ má kó ajàgùdù yẹn wá bá mi o. Ẹja tó bá jà títí kó tó kú máa ń tètè gan, ẹran rẹ̀ á sì tètè rọ̀. Oníbàárà á ní ti àná ni.

Tíṣà Kàbà: Ṣúgà tí mo wí náà ló tán lára rẹ̀, Màmá.

Ọmọ Ìjùmú: Apẹja, dáàmù Òmì ò jìnnà sí yín. Ẹ gé ṣóńṣó lẹbẹ epìyà díẹ̀ kí ẹ lè dá wọn mọ̀, ẹ dá wọn padà, kí ẹ tún wọn mú ní ìgbà ọyẹ́.

Apẹja Kampe: Kí n dá epìyà padà sómi? Ìwọ lo máa wá ṣàlàyé fún ìyàwó mi.