Kò sí òróró tó ń gbé ọmú dìde

Lánàá ni mo lọ ṣerun ní Lágẹ̀rẹ̀, mi ò tíì jókòó dáadáa tí obìnrin kan tó ń kiri òróró fi wọlé, ó ní ọmú tó bá ti ṣubú, kódà kó ti fẹ́ẹ̀ kan ìdodo, téèyàn bá ti fi òróró òun pa á láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á dìde padà bíi ti ọmọge. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti ń tú owó nínú báàgì. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ ẹ̀ lẹ́nu ọmú ni o, ọmọ oṣù márùn-ún péré, torí wọ́n ní tó bá pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ ọmú á bàjẹ́. Mi ò lè dákẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbowó ọmọ yẹn. Ló bá ní kí ni mo mọ̀, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Èmi náà ti rà á rí. Lẹ́yìn ọmọ mi kẹta, ₦18,000 ni mo kó sílẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pa á, nígbà tó yá mo fi òrí kún un, mo tún ń jí ní ìdájí máa ṣe púṣáàpù nílẹ̀ yàrá. Ara yíyún ni mo rí gbà, àti kọ́mú tí epo ti bàjẹ́. Ọmú wà níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, torí ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń jẹ wá lówó. Kò sí iṣan tó lè gbé nǹkan sókè nínú ọmú. Ibi tí omi ọmú ti ń wá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá, pẹ̀lú àwọn okùn tín-ín-rín kan tó so gbogbo ẹ̀ mọ́ awọ àti àyà, orúkọ Astley Cooper, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé wọn nínú ìwé ẹ̀ ní 1840, ni wọ́n fi ń pè wọ́n títí dòní. Iṣan tí púṣáàpù ń mú le, ẹ̀yìn ọmú ló wà, lórí egungun ìhà, ó lè nípọn sí i àmọ́ kò lè fa ọmú sókè. Awọ àti àwọn okùn yẹn ló di ọmú mú. Tí oyún bá dé, ọmú á wú, awọ á fẹ̀, tí ọmọ bá wá jáwọ́ nínú ọmú, ohun tó kún inú ẹ̀ á sún kì, àmọ́ awọ tó ti fẹ̀ ò ní bá a sún kì tán, ó ti dà bíi rọ́bà ìdí pátá tó ti dẹ̀. Kí ni òróró fẹ́ ṣe sí rọ́bà tó ti dẹ̀? Mo gbà pé òrí máa ń jẹ́ kí awọ dán, ó parí síbẹ̀.

Ẹ ò sì tún gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé ọmú tí ọmọ ń mu ló fà á. Dókítà Brian Rinker àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Kentucky, ní Amẹ́ríkà, wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin 93 tó ti lóyún rí, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2008. Ọjọ́ orí, iye oyún, sísanra, bí ọmú ṣe tóbi tó kí oyún tó dé, àti sìgá mímu, àwọn ni wọ́n bá nídìí ẹ̀. Fífún ọmọ lọ́mú ò sí níbẹ̀. Obìnrin 93 ò pọ̀, ó dáa, àmọ́ ó ṣáà ju ẹnu àwọn tó ń kiri òróró lọ. Ti pé ọkọ ló ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ṣubú, mi ò tiẹ̀ fẹ́ dá a lóhùn.

Àwọn tó sì ti gbọ́n kúrò nídìí òróró, tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ abẹ tó ń gbé ọmú sókè ló máa jẹ́ kó kún, wọ́n tún ń ṣì í. Dókítà tí mo lọ bá ló là mí lójú: ọ̀tọ̀ ni àpò, ìyẹn awọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú àpò. Ó ní kí n wo orí ọmú mi, kí n wo ìlà abẹ́ ọmú, ibi tí wáyà kọ́mú máa ń sinmi lé. Tí orí ọmú bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà yẹn, àpò ló fẹ̀, iṣẹ́ abẹ ìgbésókè ni yẹn, wọ́n á gé awọ tó pọ̀ jù kúrò, wọ́n á sún orí ọmú sókè, àpá á sì kù níbẹ̀. Kò sí nǹkan tí wọ́n fi kún un o, ó tiẹ̀ lè kéré lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí orí ọmú bá ṣì wà lókè tó jẹ́ pé inú ẹ̀ ló ṣófo, ìgbà yẹn lèèyàn ń ronú silicone, ìyẹn nǹkan rírọ̀ kan tí wọ́n ń kì bọnú ọmú kó lè kún, tàbí kí wọ́n fa ọ̀rá láti ikùn tàbí itan wá síbẹ̀, ara sì máa ń fa díẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn mu. Ẹni tí ọmú ẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ tó lọ fi silicone nìkan sí i, ẹrù ló dì kún ẹrù. Àwọn míì máa ń nílò méjèèjì pọ̀. Láti 1962 ni wọ́n ti ń fi silicone síbẹ̀, ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn níbẹ̀, fúnra wọn sọ pé kì í ṣe nǹkan tó ń bá èèyàn dọ́jọ́ alẹ́, ó lè bẹ́, ẹran ara lè le yí i ká, wọ́n á tún là á. Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó bí wọn tán kó tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo eléyìí, torí oyún míì lè ba iṣẹ́ yẹn jẹ́.

Tèmi, inú ẹ̀ ló ṣófo, àpò ò burú. Mi ò ṣe nǹkan kan. Kọ́mú tó bá mi mu gan-an ni mo lọ rà, torí èyí tí mo ti ń wọ̀ látọjọ́ yìí kì í ṣe sáìsì mi rárá, tí mo bá wọ tuntun yìí ọmú á dúró, tí mo bá bọ́ ọ, á padà sáyè ẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ọmọ yẹn, irun mi ò tíì dé ìdajì. Ó ń wolẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé ànńtí, ṣé omi ọmú ṣì lè padà, ó ní ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí òun ti gbà á lẹ́nu ọmọ. Mo ní ó lè padà, kó máa gbé ọmọ síbẹ̀ léraléra, kó sì lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á ràn án lọ́wọ́. Ó ká owó ẹ̀ padà sínú báàgì, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó sáré lọ gbé ọmọ ẹ̀ wá.