Electrostatic fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wúfà kì í lọ́ra

Ẹ jókòó ti àwọn tó fẹ́ràn ohùn orin, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ ọ́: sípíkà electrostatic yára, sípíkà oníkóònù, irú tó wọ́pọ̀ tí ojú rẹ̀ rí bí àrọ, lọ́ra. Wọ́n á ní ọ̀rá bíi náílọ́ọ̀nù tó ń gbọ̀n nínú electrostatic fúyẹ́, òun ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Kóònù wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé béèsì jáde, wúwo, kò lè bá orin sáré. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ àbọ̀ rẹ̀ ni òótọ́.

Ìfúyẹ́ kò ṣe é jiyàn. Nínú Quad ESL, sípíkà electrostatic tí Peter Walker gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni wọ́n nà sí àárín àwo méjì tí wọ́n dá lu. Iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì wà lára ọ̀rá yìí. Bí orin bá ti wọ àwọn àwo náà, ọ̀kan á tì í, èkejì á fà á.

Ṣé ìyẹn wá ni ìyára? Ẹ mú béèsì tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rá á gbọ̀n nígbà 50, kóònù náà á gbọ̀n nígbà 50. Bí wúfà bá lọ́ra lóòótọ́, tó gbọ̀n nígbà 45, ohùn orin á já sílẹ̀, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé gìtá béèsì ti ṣìnà. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Iṣẹ́ tí ìwúwo ń ṣe ni pé ó ń jẹ wáàtì, kì í sì í jẹ́ kí kóònù gòkè dé ohùn tínrín. Twítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, sì wà fún ìyẹn.

Béèsì "tó lọ́ra" tí wọ́n ń sọ, yàrá ni ẹ kọ́kọ́ bi. Béèsì ń lu ògiri padà, ó ń wú ní igun kan, ó ń kú níbòmíràn. Àpótí tí wọn ò kàn dáadáa náà á ṣì máa hùn lẹ́yìn tí orin ti dákẹ́.

Electrostatic kò ní àpótí. Ẹ rìn yí i ká bó ṣe ń dún: iwájú ń dún, ẹ̀yìn ń dún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ gan-an, ohùn á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí iwájú bá ń ti afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ń fà á. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, wọ́n pa ara wọn. Nítorí náà ògiri ẹ̀gbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ da orin rú, mímọ́ gaara tí à ń gbọ́ sì ti ibẹ̀ wá dé ìwọ̀n púpọ̀.

Bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe ń pa ara wọn yìí kan náà ló ń jẹ béèsì electrostatic. Abájọ tí ilé iṣẹ́ MartinLogan ní Amẹ́ríkà fi ń gbé wúfà oníkóònù sábẹ́ ọ̀pọ̀ electrostatic tirẹ̀! Ẹni tó ń fi irú ẹ̀ bú kóònù nílé, kóònù ló ń gbé béèsì jáde fún un.

Bí pálọ̀ yín ò bá gbà kí sípíkà kúrò lára ògiri ẹ̀yìn tó bíi mítà kan, ẹ má náwó sí electrostatic. Fún olórin kan pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ní yàrá tó láyè, Quad ni màá mú, mi ò janpata. Fún fújì tó fẹ́ mi ilẹ̀ tìtì, ẹ gbé kóònù wá.