Okùn Kan Rọ̀ Dirodiro

Mo ti fojú rí iṣẹ́ ìyanu, omi lásán sì ni mo mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá DJ wà lókè, ó fi èjìká òsì há hẹ́ẹ̀dífóònù mọ́ etí, ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí ìdílé fún. Ó yí nọ́ọ̀bù kan báyìí, ó fajú ro, ó já ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Gbogbo kílọ́ọ̀bù hó yèè. Èmi náà sún mọ́ ọn kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti rí okùn hẹ́ẹ̀dífóònù yẹn. Ó ti etí ọ̀gá bọ̀, ó gba àyà kọjá, ó rọ̀ dirodiro síbi orúnkún. Kò wọ inú ẹ̀rọ kankan. Irin ẹnu rẹ̀ ń gbá ṣòkòtò ọ̀gá, ó sì ń bá ìlù lọ ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ló ń gbọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bóyá orúnkún rẹ̀ ló ń kọrin. Bóyá àwọn DJ tó ti kú ló ń ránṣẹ́ sí i láti ọ̀run pé, "Ọmọ wa, ó yá, yí nọ́ọ̀bù yẹn." Mo fara balẹ̀ kà á: ìgbà mọ́kànlá ló gbé e sétí láàárín orin mẹ́rin. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀keje, etí ọ̀tún ló fi gbọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ti òsì ti kún. Ìgbà kan wà tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó na ìka sókè, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Ìgbà kan sì wà tó fajú ro, tó mi orí, àfi bí ẹni pé orin tó kàn kò dára tó, kí wọ́n lọ wá òmíràn wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọkùnrin yìí ń yẹ̀ wò! Ó ń ṣa ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ń mú èyí tó dùn jù nínú wọn.

Ẹ má rò pé mò ń bú u o. Ẹ̀bùn ni. Nígbà tí DJ kan tó ń jẹ́ Francis Grasso ń ṣiṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù Sanctuary ní New York, ní nǹkan bí ọdún 1970, òpò ni wọ́n fi ń ṣe é: etí kan á máa gbọ́ orin tó ń bọ̀, etí kejì á máa gbọ́ èyí tí wọ́n ń jó lọ́wọ́, ọwọ́ á di àwo mú títí ìlù méjèèjì á fi rìn pọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí àwo orin, Technics SL-1200, dé ní 1972. Nígbà tó yá tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi ohun kan tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn sí i lára, tó lè mú orin yá tàbí kó falẹ̀ ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́jọ péré, inú rẹ̀ ni àwọn èèyàn sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tiwa ti kọjá gbogbo ìyẹn. Etí rẹ̀ ò nílò wáyà.

N kò bá bọ́tìnnì sync, èyí tó ń mú ìlù orin méjì bára mu fúnra rẹ̀, jà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní baba arúgbó tó kórìíra ẹ̀rọ. Tí kọ̀ǹpútà bá bá yín mú ìlù méjì rìn pọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi àyè tó ṣẹ́ kù ṣe nǹkan gidi. Ìlù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ orin ijó. Tí wọ́n bá pé méjìlélọ́gbọ̀n, nǹkan tuntun á wọlé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dúró de ibẹ̀ kó tó mú orin kejì wọlé. Á sì dín béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìì, ti èyí tó ń lọ kù kí béèsì èyí tó ń bọ̀ tó dé, torí pé béèsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà dà bí ọkùnrin méjì tó jọ wọ ṣòkòtò kan. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí ọkùnrin mẹ́ta nínú ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ọ̀gá ò gbọ́. Níbo ni yóò ti gbọ́?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bá ẹ̀gbọ́n kan ru àpótí àwo orin. Èjìká mi ò tíì gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n yẹn máa ń fi pẹ́ńsù kọ ìyára orin sí igun páálí àwo, tí èèyàn bá sì fi ìka kan ojú àwo, igbá etí ni. Kì í wo ojú èèyàn tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ló máa ń wò. Ó ní ojú lè máa rẹ́rìn-ín síni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá ti sú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, kò jẹ́ fi orin tí gbogbo ayé mọ̀ síta. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ṣé kí n kí wọn ni, àbí kí n gbá wọn lọ́rùn mú?" Ó ṣì jẹ mí lówó iṣẹ́ oṣù méjì. Tó bá ń ka èyí, ó mọ ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn náà ni DJ kan tó ń jẹ́ Kool Herc ń wò ní Bronx, ní New York. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1973, níbi pátì àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ilé 1520 ní Sedgwick Avenue, òun ló ń fi orin síta. Ó ti kíyè sí i pé ìgbà tí olórin bá dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ni àwọn oníjó máa ń ya bo ojú agbo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ibẹ̀ gùn. Nígbà tó yá, àwo kan náà méjì ló ń lò, tí ọ̀kan bá parí, á mú èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìtàn hip-hop. Wíwò ló wò. Kò gun orí tábìlì.

Àwọn ti ìsinsìnyí ń gun orí tábìlì! Wọ́n ń gbé fóònù sókè láti ya ara wọn, wọ́n kẹ́yìn sí ẹ̀rọ, wọ́n kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n ń fi orin dá lára yá, kí ojú tiwọn àti ojú èrò lè jọ wọ inú fídíò. Orin ń lọ, kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ ọ. Tó bá sì tó ibi ègbè, ibi tí gbogbo wa fẹ́ jọ kọ ọ́, ọ̀gá á gbá máìkì mú, á pariwo orúkọ ara rẹ̀. Ta ló bi ọ́? Ṣé orúkọ rẹ la tìtorí ẹ̀ wọ bàtà wá? Iná pupa tó ń kìlọ̀ pé ohùn ti pọ̀ jù ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ lára míkísà rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń da orin pọ̀, ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní tí ariwo bá tó dẹ̀síbẹ́lì 100, ìṣẹ́jú 15 ni kí etí fi wà níbẹ̀ lójúmọ́. Wákàtí márùn-ún ni mo lò. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀, mò ń dáhùn nǹkan mìíràn.

Orin gígé gan-an ló bí mi nínú jù. Wọ́n fi orin kan síta tí mo fẹ́ràn láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Mo dìde. Dídìde mi kì í ṣe ohun kékeré mọ́: orúnkún á kọ́kọ́ ṣàròyé, ẹ̀yìn á dá sí i, a ó jọ fẹnu kò. Mo dé ojú agbo, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n ti yí i padà. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá! Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lókè nígbà tí orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìkan, tó ń jù ú nù, tó ń mú òmíràn, ṣé ọ̀mọ̀wé lẹ máa pè é?

Bí ìbínú ṣe gbé mi dé ẹ̀yìn tábìlì nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn bẹ̀rẹ̀, mo mú irin ẹnu okùn tó rọ̀ dirodiro yẹn, mo wá ihò rẹ̀ lára míkísà, mo tì í bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá fò sókè. Ó já hẹ́ẹ̀dífóònù kúrò létí bí ẹni tí agbọ́n ta.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe sí i? Nǹkan ń dún nínú ẹ̀!"

"Orin tó kàn ni, ọmọ mi."

Ó wò mí, ó wo okùn. Ó fà á yọ, ó jẹ́ kó rọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbé hẹ́ẹ̀dífóònù sétí, ó dijú, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀.