Oògùn ọ̀fẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù dókítà

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò tilẹ̀ mú bírò. Kọ́bọ́ọ̀dù ló ṣí. Páálí kéékèèké ló tò síbẹ̀, aláwọ̀ mèremère, oògùn méje péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó méjì lé mi lọ́wọ́: "Ẹ máa lo èyí ná." Mo dúpẹ́ títí. Ìgbà tó tán tí mo lọ rà á ni mo tó mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ó sì ti bá mi lára mu, ta ni yóò fẹ́ pààrọ̀ oògùn tó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ má pè é ní ènì o. Ìtọ́wò ni, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ń fún dókítà lọ́fẹ̀ẹ́, dókítà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kó mọ́ lára.

N kò ní àwọn dókítà ń gba rìbá. Àánú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń fún wa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí lọwọ́ ń mú. Oògùn tuntun olówó gọbọi ló sì máa ń wà nítòsí, torí oògùn àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lè máa ṣe kò ní aṣojú tí yóò gbé e kiri.

Ìwádìí kan jáde nínú JAMA Dermatology, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn awọ ara, ní 2014 lórí ìtọ́jú irorẹ́ ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn dókítà awọ ara káàkiri orílẹ̀-èdè náà, oògùn tí ilé-iṣẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ tà kó ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ. Ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí wọn kì í ti í gba oògùn ọ̀fẹ́, ìdá 17 péré ni. Owó oògùn fún ìbẹ̀wò kan tó nǹkan bíi 465 dọ́là lọ́dọ̀ àwọn dókítà káàkiri, 200 ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn. Irorẹ́ kan náà!

Wọ́n á ní tálákà ló wà fún. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2008 rí i pé ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, àwọn tó ní adójútòfò ìlera ló ń rí i gbà ju àwọn tí kò ní lọ. Ẹni tí kò lówó, báwo ló ṣe máa dé iwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà? Ní 2016, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.5 dọ́là ni àwọn ilé-iṣẹ́ ná sórí oògùn ọ̀fẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ owó ìpolówó. Àwọn tó ń ta oògùn ò ní ná irú owó yẹn láìretí èrè.

Ní tèmi, kí àwọn ilé ìwòsàn má gbà á mọ́. Nígbà tí mo padà lọ, mo bi dókítà mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èyí tí kò wọ́n tó báyìí wà, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó wà, ó ti pẹ́ tó ti wà. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fa ìwé yọ.